Fishfinder olówó pọ́ọ́kú: ṣé transducer èyíkéyìí ló lè bá a ṣiṣẹ́?

Ìbéèrè: Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọkọ̀ alúmíníọ̀mù kékeré kan ni mo fi ń pẹja, ẹ́ńjìnnì kan wà ní ìdí ẹ̀. Orí odò àti adágún ni mo máa ń wà, mi ò sì tíì dé ibi tó jìn ju mítà 15 lọ. Mo rí orí fishfinder àlòkù kan rà ní owó pọ́ọ́kú, ẹ̀rọ tó ń fi ìró wá ẹja, tó sì ń sọ bí omi ṣe jìn tó. Ojú ẹ̀ mọ́ kedere, bọ́tìnnì ẹ̀ pé, àmọ́ kò ní transducer tí wọ́n ń kì bọ omi, kò sì ní wáyà iná. Ẹni tó tà á fún mi ní kí n ra transducer èyíkéyìí tí ẹnu ẹ̀ bá ti lè wọ ẹ̀yìn ẹ̀, ó ní ọ̀kan náà ni gbogbo wọn. Ṣé òótọ́ ni? Ṣé bátìrì alùpùpù lè gbé e? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ní kí n lọ ra èyí tó fẹ̀ bíi tẹlifíṣọ̀n o. Kò sówó.

* * *

Irọ́ ni, àbúrò. Kì í ṣe pé ẹni yẹn mọ̀ọ́mọ̀ tàn ọ́ o, ó lè jẹ́ bí wọ́n ṣe sọ fún òun náà nìyẹn. Ṣùgbọ́n ohun tó o rà yẹn, dígí lásán ni. Transducer tó wà nínú omi ló ń gbọ́ ohun tó ń lọ nísàlẹ̀, ohun tó bá gbọ́ ni orí tó wà lọ́wọ́ rẹ ń yà síta. Bí tinú omi bá dití, kò sí bí tòkè ṣe lè mọ́lẹ̀ tó, òfìfo ni wàá máa wò.

Èmi náà ti jìn sí kòtò yẹn rí. Orí àlòkù ni mo kọ́kọ́ rà, bíi tìẹ gẹ́lẹ́. Mo ka ihò ẹ̀yìn rẹ̀, ó jẹ́ 4. Mo wá transducer onípíìnì 4 kiri, mo rí ọ̀kan, mo fi agbára díẹ̀ tì í, ó wọlé. Inú mi dùn. Mo gbé e dórí omi, mo tan án, ibi tó yẹ kó ti kọ bí omi ṣe jìn tó, ìlà wẹ́wẹ́ mẹ́ta ló ń tàn níbẹ̀, tó ń kú, tó ń tàn. Mo lo odindi ọjọ́ kan lórí omi, mo ń dá omi lẹ́bi, mo ní ẹrẹ̀ ló pọ̀ jù. Ìgbà tí mo délé tí mo yọ wáyà náà ni mo rí i pé píìnì kan ti tẹ̀ bí ìwọ̀. Eyín kékeré kan wà létí ẹnu wáyà tó yẹ kó bọ́ sí ojú ihò tirẹ̀ lára orí. Eyín tèmi wà lápá òsì, ihò ti orí wà lápá ọ̀tún. Agbára tí mo fi tì í ni mo fi ba nǹkan jẹ́.

Nítorí náà, bí ẹnu wáyà bá ń bá ọ jà, má tì í.

* * *

Nǹkan mẹ́ta ló gbọ́dọ̀ bára mu, ẹnu wáyà tí gbogbo èèyàn ń wò yìí ló sì kéré jù nínú wọn.

Wo iléeṣẹ́ Garmin nìkan: ó ní ẹnu onípíìnì 4, ó ní 8, ó ní 12. Lowrance ní èyí tí ẹnu ẹ̀ jẹ́ búlúù, píìnì 7 ló ní, ó tún ní dúdú onípíìnì 9. Nígbà tí wọ́n gbé Hook2 jáde, wọ́n tún fi ẹnu onípíìnì 8 sí i. Humminbird ń lo 7 fún ọ̀pọ̀ Helix kéékèèké, ó ń lo 14 fún àwọn ńlá. Ọmọ bàbá kan náà ni wọ́n o, síbẹ̀ aṣọ wọn ò bá ara wọn mu. Wáyà kúkúrú tí wọ́n fi ń so ẹnu kan mọ́ òmíràn wà, irú èyí tó ń jẹ́ kí transducer Garmin onípíìnì 8 wọ orí onípíìnì 12. Mo ti lò ó, ó dáa. Àmọ́ ẹnu nìkan ló ń yí padà, kò lè yí ohùn padà.

Ohùn ni èkejì. Nínú ike transducer, ìṣù pẹlẹbẹ kan wà níbẹ̀ tó dà bí ọmọrí ìgò, tí wọ́n fi irú amọ̀ kan sun. Bí iná bá kàn án, á gbọ̀n. Bí ìró bá padà kàn án, á sọ ọ́ di iná. Bó ṣe nípọn tó àti bí wọ́n ṣe gé e ló ń pinnu iye ìgbà tó lè gbọ̀n ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Èyí tí wọ́n gé fún 200 kHz, ìyẹn ìgbà 200,000 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, kò lè kọ orin 455. 50 kHz ń lọ jìnnà, ìlò òkun ni. 200 kò lọ jìn tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ojú ẹ̀ mú. 83 wà láàárín wọn. 455 àti 800 ni àwọn tó ń ya ìtì igi àti àpáta bíi fọ́tò, orí tó lè lò ó lọ́tọ̀ ni, transducer rẹ̀ náà lọ́tọ̀. Orí tí kò mọ àwòrán yà, transducer tó o bá rà fún un kò ní kọ́ ọ.

Ẹ̀kẹta, èyí tí wọn kì í sọ fún ẹni tó ń ra àlòkù: orí gbọ́dọ̀ mọ transducer náà lórúkọ. Wọ inú ètò ẹ̀rọ, nínú ọ̀pọ̀ wọn wàá rí ibi tí wọ́n to orúkọ transducer sí. Bí èyí tó o fẹ́ rà kò bá sí níbẹ̀, ó ṣeé ṣe kó máa sọ ìwọ̀n tí kò tọ́ fún ọ.

Ohun tí mo fẹ́ kó o ṣe lónìí nìyí. Yí orí náà padà, ka nọ́ńbà tó wà lẹ́yìn ẹ̀, kì í ṣe orúkọ ńlá tó wà níwájú o. Lẹ́yìn náà, ní kí ẹni tó fẹ́ ta transducer fún ọ ya fọ́tò lébẹ̀ẹ̀lì kékeré tí wọ́n máa ń lẹ̀ mọ́ wáyà, kò jìnnà sí ẹnu rẹ̀. Iléeṣẹ́ tó ṣe é ní tábìlì tí wọ́n fi ń sọ ohun tó bá ohun mu lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Bí nọ́ńbà méjèèjì ò bá pàdé nínú tábìlì yẹn, jẹ́ kí owó rẹ wà lápò.

* * *

Ẹnì kan ti dá mi lóhùn kíákíá: òun gé wáyà transducer ẹ̀yà mìíràn, òun so ó mọ́ ẹnu tó bá orí òun mu, ọdún kejì rèé tó ń ṣiṣẹ́. Àwọn méjì mìíràn náà sọ ohun tó jọ ọ́.

Mo gbà yín gbọ́. Bí ẹ bá ṣí wáyà yẹn, ẹ ó ti rí i fúnra yín: okùn wẹ́wẹ́ bíi mélòó kan, wọ́n fi bébà fàdákà wé wọn, wọ́n tún hun bàbà lé e lórí bí àwọ̀n. Àwọ̀n bàbà yẹn kì í ṣe ẹ̀ṣọ́, òun ni kì í jẹ́ kí ariwo ẹ́ńjìnnì wọlé. Ìró tó ń padà bọ̀ látinú omi kò lágbára ju atẹ́gùn lọ. Bí ẹ bá so okùn mọ́ okùn, tí ẹ fi àwọ̀n sílẹ̀ tàbí tí ẹ fi téèpù lásán wé e, ẹ̀rọ yóò máa gbọ́ ẹ́ńjìnnì ju ẹja lọ. Bó bá jẹ́ transducer 200 tí orí 200 ń lò, tí ẹ so àwọ̀n mọ́ àwọ̀n, tí ẹ sì fi gọ́ọ̀mù dí i kí omi má wọlé, ó lè ṣe é lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹ má sọ fún ọmọ tó ń bẹ̀rẹ̀ pé bẹ́ẹ̀ ni kó ṣe. Ẹ̀yin mọ irin tí wọ́n fi ń jó wáyà pọ̀ lò, òun ò tíì mọ̀ ọ́n.

Mi ò gé wáyà mọ́ láéláé, èyí tó gùn jù ni mo máa ń ká jọ sínú ọkọ̀.

* * *

Àwọn kan tún gbé ọ̀rọ̀ wáàtì dé: wọ́n ní orí àbúrò yìí kò lágbára, pé kó wá èyí tí wọ́n kọ 1,600 wáàtì sí lára. Ọ̀rọ̀ yìí máa ń pa mí lẹ́rìn-ín. Ọ̀nà méjì ni wọ́n ń gbà ka wáàtì ẹ̀rọ yìí. Ọ̀kan ń ka agbára tó ń lò ní tòótọ́, tí wọ́n ń pè ní RMS. Èkejì ń wọn ìgbì iná láti téńté òkè dé ìsàlẹ̀ pátápátá, ó sì máa ń fi ìlọ́po 8 ju ti àkọ́kọ́ lọ. 1,600 yẹn àti 200 RMS, ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n. Ẹni tó ń tajà mọ èyí tó dùn ún kọ sára páálí.

Nínú omi mítà 15, ìró yóò lọ yóò bọ̀, gbogbo ẹ̀ jẹ́ mítà 30. Ohùn ń sáré tó bíi mítà 1,500 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan nínú omi, kí o tó ṣẹ́jú ó ti dé, ó ti padà. Agbára wo ló ń wá? Ìlà ojú ẹ̀rọ ni kó o kà dípò wáàtì. Bí ojú ẹ̀rọ bá ní ìlà 240 láti òkè dé ìsàlẹ̀, tí o sì ní kó fi mítà 15 hàn, ìlà kọ̀ọ̀kan dúró fún sẹ̀ńtímítà 6 ó lé díẹ̀. Bó bá ní 480, sẹ̀ńtímítà 3 ni. Ẹja tó sùn mọ́ ilẹ̀ odò yóò di ara ilẹ̀ lójú àkọ́kọ́, ìkejì lè yà á sọ́tọ̀.

* * *

Mo ń ṣẹ́rí padà. Ẹ jẹ́ kí n sọ ti àwọn tí ẹ̀ ń ra ẹ̀rọ àlòkù lórí tábìlì.

Lọ́jọ́ kan, mo bá ẹnì kan tó fẹ́ ra fishfinder. Ẹni tó ń tà á tan án sórí tábìlì gbígbẹ, ẹja ń lọ ẹja ń bọ̀ lójú ẹ̀rọ, ńlá ńlá, wọ́n kọ nọ́ńbà sí orí kálukú. Olùrà ti ń kówó síta. Mo bẹ wáyà wò, kò sí nǹkan kan lẹ́yìn ẹ̀. Transducer wà nínú páálí, wọn ò tíì tú okùn ara rẹ̀. Àfihàn ni wọ́n fi sí, èyí tí iléeṣẹ́ fi sínú rẹ̀ kí èèyàn lè fi kọ́ bí wọ́n ṣe ń lò ó. Kò purọ́ o, wọ́n kọ ọ́ sí igun ojú ẹ̀rọ, lẹ́tà tó kéré bí eyín èèrà.

Yọ ọ́ kúrò nínú àfihàn. Ki transducer bọ̀ ọ́. Gbé e sún mọ́ etí rẹ, wàá gbọ́ tìkì-tìkì-tìkì wẹ́wẹ́. Bó bá ń dún, ó kéré tán iná ń dé ibẹ̀. Àwọn kan ní ẹ̀rọ tó ń ṣiṣẹ́ láìsí omi yóò bàjẹ́. Fún àwọn kékeré yìí, ìṣẹ́jú kan ò ṣe nǹkan kan. Àwọn alágbára ńlá ló lè gbóná. Bákan náà, má fi garawa dán an wò, omi inú garawa kò jìn tó, ìró yóò padà kí ẹ̀rọ tó múra àtigbọ́ ọ, yóò sì máa sọ ìsọkúsọ.

Tá a bá tún wá ń sọ ti àwòrán ẹja tí wọ́n ń yà yẹn, pa á. Orí kò mọ ẹja, ó mọ ìró tó padà. Àpò afẹ́fẹ́ inú ẹja ló ń dá ìró padà jù, àmọ́ ẹ̀ka igi àti afẹ́fẹ́ tó ń hó bọ̀ láti inú ẹrẹ̀ náà ń dá a padà. Bó o bá pa àwòrán yẹn, ẹja tó bá kọjá lábẹ́ rẹ yóò yọ bí òṣùmàrè: ó jìnnà nígbà tó ń wọlé, ó sún mọ́ ọ nígbà tó dé àárín, ó tún jìnnà nígbà tó ń jáde. Bí ọkọ̀ bá dúró, tí ẹja náà dúró, ìlà gbọọrọ ni, kò ní tẹ̀. Ọ̀pọ̀ máa ń rò pé okùn ni.

* * *

Oníbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣeun gan-an. Mo ti yẹ nọ́ńbà wò, mo rí transducer tó bá a mu, 200 àti 83 ló ń lò. Èwo ni kí n máa fi sí? Ẹ ò sì tíì dá mi lóhùn lórí bátìrì.

* * *

Ìró ń ṣí bí òkòtó tó da ẹnu dé ilẹ̀, ṣóńṣó ẹ̀ wà lábẹ́ ọkọ̀. Ní ọ̀pọ̀ irú transducer yìí, 200 ń ṣí tó dígírì 20, 83 ń ṣí tó dígírì 60. Bí omi bá jìn tó mítà 10, ibi tí 200 ń wò nísàlẹ̀ fẹ̀ tó mítà 3 àtààbọ̀, ti 83 fẹ̀ ju mítà 11 lọ. Èyí tó fẹ̀ ń rí ẹja púpọ̀, kò sì lè sọ ibi tí wọ́n wà, ẹja tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀hún yóò dà bí èyí tó wà lábẹ́ rẹ. Fi 83 wá wọn, fi 200 dúró lé wọn lórí. Èmi kì í kúrò lórí 200 bí omi bá ní igi nínú.

Bátìrì alùpùpù lè gbé e bó bá jẹ́ ti 12 fólítì, ṣùgbọ́n kò ní pẹ́ lọ́wọ́ rẹ. Wọ́n ṣe é kó fi agbára púpọ̀ tan ẹ́ńjìnnì lẹ́ẹ̀kan, kó sì tún kún padà. Bó o bá ń fà á gbẹ lójoojúmọ́, yóò kú. Àwọn tó ní kó o so ó mọ́ bátìrì ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ńkọ́? Ó ń ṣiṣẹ́, àmọ́ gbogbo ìgbà tó o bá tan ẹ́ńjìnnì ni iná yóò wálẹ̀ tí ẹ̀rọ yóò kú tí yóò tún bẹ̀rẹ̀, ariwo iná yóò sì tún bá a wọlé. Ra bátìrì adídí kékeré, 12 fólítì, 7 Ah (ìyẹn ampere kan fún wákàtí 7), kó dá wà fún òun nìkan. Má lò ó kọjá ìdajì. Bí orí rẹ bá ń fa ìdajì ampere, ìyẹn jẹ́ wákàtí 7, ó tó gẹ́rẹ́.

Tó o bá fẹ́ lo lithium nítorí pé ó fúyẹ́, ka ohun tí wọ́n kọ sẹ́yìn orí nípa fólítì kó o tó ṣe bẹ́ẹ̀. Hóró ni bátìrì kéékèèké tí wọ́n tò pọ̀ sínú rẹ̀. Oníhóró 3 tí fóònù àti kọ̀ǹpútà ń lo irú rẹ̀ ń kún dé 12.6, kò léwu. Oníhóró 4 rẹ̀ ń kún dé 16.8, orí mìíràn gbà á, òmíràn kò gbà á. LiFePO4, irú lithium mìíràn, tó jẹ́ oníhóró 4 ni èyí tó jọ bátìrì àtijọ́ jù, 12.8 ni wọ́n ń kọ sí i lára. Ohun tó ṣe pàtàkì ju gbogbo rẹ̀ lọ ni fíúsì, kó wà lórí wáyà pupa, kó sún mọ́ bátìrì. 3 ampere ni wọ́n sábà ń fi sí àwọn kékeré.

* * *

Ẹnì kan béèrè pé kí ló dé tá ò kàn ra bọ́ọ̀lù kékeré tí wọ́n ń jù sómi tó ń fi àwòrán ránṣẹ́ sí fóònù. Bẹ́ẹ̀ ni, ó wà, ó dára fún ẹni tó dúró létí omi, ìbámu kankan ò sì kàn án. Wi-Fi ni ọ̀pọ̀ wọn fi ń sọ̀rọ̀, Wi-Fi kì í la omi kọjá, nítorí náà bí ìgbì bá bò ó díẹ̀, àwòrán á já. Oòrùn sì máa ń pa ojú fóònù. Ní ti ẹni tó ní ọkọ̀, mi ò rí ìdí tó fi yẹ kó máa fi bọ́ọ̀lù ṣeré.

Ẹ̀rọ yìí kò tiẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ apẹja. Ará Faransé kan, Paul Langevin, ló ń fi òkúta quartz gbé irú ìró yìí sínú omi nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, ọkọ̀ ogun abẹ́ omi ni wọ́n ń wá. Ní 1948, àwọn ọmọ ìyá Furuno ní Japan sọ ọ́ di ohun tí apẹja ń rà. Mo kàn rántí ni.

* * *

Oníbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ó ti ń ṣiṣẹ́! Àmọ́ kìkì ìgbà tí ọkọ̀ bá dúró. Bí mo bá ti sáré díẹ̀, nọ́ńbà á pòórá. Ẹnì kan ní kí n fi gọ́ọ̀mù lẹ transducer mọ́ inú ọkọ̀, pé kò ní kan omi rárá.

* * *

Ẹni yẹn ní ọkọ̀ fáíbà. Lórí fáíbà tó ṣù mọ́ra láìsí pákó tàbí fóòmù láàárín, ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa, bí gọ́ọ̀mù kò bá ní ihò afẹ́fẹ́ nínú, èèyàn kò sì ní í máa wo ìgbóná omi nítorí ìgbóná ìsàlẹ̀ ọkọ̀ ni yóò máa kà. Alúmíníọ̀mù ni tìrẹ, má dán an wò.

Afẹ́fẹ́ ló ń bá ọ jà. Bí ọkọ̀ bá sáré, omi ń hó lábẹ́ ẹ̀, ìró kò sì lè gba inú ìfóófòó kọjá. Fa transducer náà wálẹ̀ kó yọ ju ìsàlẹ̀ ọkọ̀ lọ, tó mílímítà 10 fún alúmíníọ̀mù. Gbé e jìnnà sí abẹ̀bẹ̀ ẹ́ńjìnnì, ó kéré tán sẹ̀ńtímítà 38, kó wà lápá ibi tí abẹ̀bẹ̀ ti ń gbá omi lọ sísàlẹ̀. Wo ìsàlẹ̀ ọkọ̀ látìwájú wá sẹ́yìn: bí orí ìṣó kankan bá wà ní tààrà níwájú rẹ̀, ìṣó yẹn ló ń da omi rú, sún un sẹ́gbẹ̀ẹ́. Kó o tó lu ihò kankan, fi pákó pẹlẹbẹ kan há ìdí ọkọ̀ pẹ̀lú kílám̀pù, de transducer mọ́ ọn, kó o máa sún un títí wàá fi rí ibi tó fẹ́. Èmi lu ihò 5 kí n tó kọ́ ìyẹn. Mo ṣì ń dí wọn.

Wáyà rẹ̀ náà, má jẹ́ kó bá wáyà ẹ́ńjìnnì rìn pọ̀. Fi ọṣẹ pa ojú transducer kó o tó kì í bọ omi, kí afẹ́fẹ́ má bàa lẹ̀ mọ́ ọn.

* * *

Oníbéèrè: Ó ti dúró o, ẹ̀gbọ́n, mo sáré kò pòórá mọ́. Ẹ̀yin ni bàbá. Àmọ́ ó ń fi ilẹ̀ méjì hàn mí. Ọ̀kan wà ní mítà 4, èkejì wà ní 8. Mo ti fi ọ̀pá wọn ọ́n, mítà 4 ni. Ṣé mo ti ba nǹkan jẹ́?

* * *

Rárá. Ìró yẹn lọ kan ilẹ̀, ó padà kan ojú omi, ó tún lọ kan ilẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì kó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ ìlọ́po 2 gẹ́lẹ́. Ilẹ̀ líle ló sábà máa ń ṣe bẹ́ẹ̀, òkúta tàbí yanrìn, ẹrẹ̀ máa ń gbé ìró mì ni. Dín agbára ìgbọ́rọ̀ rẹ̀ kù, tàbí kó o fi ọwọ́ ara rẹ ní kó máa fi mítà 6 hàn dípò kó máa yàn án fúnra rẹ̀. Ṣùgbọ́n kó o tó pa ilẹ̀ kejì yẹn rẹ́ lójú ẹ̀rọ, fi àmì sí ibẹ̀ kó o ju ìwọ̀ sí i.